Ọṣán ni Sípóòkù, Kì í Ṣe Òpó

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi ayẹyẹ fíríìdọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà, ní Mágbòrò, Ìpínlẹ̀ Ògùn

Nígbà tí àwọn tó ṣètò ayẹyẹ yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí wíìlì, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní ta ni yóò jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ wíìlì nígbà tí òórùn ìrẹsì bá ti ń wá láti ẹ̀yìnkùlé? Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, pé ẹnikẹ́ni tí sípóòkù bá ti já mọ́ nídìí rí nínú àdúgbò Mágbòrò ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ yóò jókòó. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Wíìlì tí mo gbé dání yìí, wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni. Raleigh ni kẹ̀kẹ́ náà, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní Nottingham lọ́hùn-ún nígbà náà, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Ráálè. Ifọ̀ ni bàbá mi ti gùn ún, láti ilé dé oko, láti oko dé ibùdókọ̀ ojú irin ní ọjọ́ tí ẹrù bá fẹ́ lọ sí Èkó. Àpò gàrí kan á wà lórí kàríà, ìyá mi á jókòó sórí àpò gàrí, èmi á wà lórí irin iwájú. Bí ìyá mi ṣe ń jókòó síbẹ̀ tí gèlè rẹ̀ kì í tú, ẹ má bi mí, n kò mọ̀ títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dàgbà tán, mo kúrò nílé, mo padà wá, kẹ̀kẹ́ náà ṣì ń rìn. Mo ti tú táyà àti tiúbù rẹ̀ kúrò kí ẹ lè rí egungun rẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ka sípóòkù rẹ̀. 40 ni. Ti iwájú kò ju 32 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń pín in lára irú kẹ̀kẹ́ yìí, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù. Sípóòkù kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju mìlímítà 2 lọ, bí igi ìṣáná kan báyìí. Ogójì igi ìṣáná onírin ló gbé bàbá mi, ìyá mi, èmi àti àpò gàrí, lójú ọ̀nà tó kún fún gbòǹgbò igi àti òkúta. Kí ló mú un ṣeé ṣe?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá mẹ́ta ní Ìbàfò, mo bi wọ́n ní ìbéèrè yìí gan-an. Gbogbo wọn ló dáhùn bákan náà: sípóòkù ìsàlẹ̀ ló ń gbé ẹrù, bí òpó ṣe ń gbé òrùlé. Mo ní irọ́ ni. Wọ́n bínú díẹ̀. Kí alẹ́ tó lẹ́, ẹ ó rí i pé mo jẹ wọ́n ní ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi hàn yín ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Mo mú sípóòkù tuntun kan wá. Kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ wá nà án ró sórí tábìlì yìí, kó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ látòkè. Ẹ ti rí i? Kò tíì tó ìwọ̀n dérìká ìrẹsì mẹ́ta tó fi ká kò. Ẹ wá mú sípóòkù yẹn kan náà, ẹ fi í kọ́ àpò sìmẹ́ńtì kan sókè. Kò ní já. Ẹ fi ìkejì kún un, ẹ fi ìkẹta, ẹ fi ìkẹrin. Sípóòkù tó bá jẹ́ ojúlówó lè gbà tó àpò márùn-ún, ìyẹn 250 kílò, kó tó já. Nǹkan tí kò lè fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kílò méjì ló ń fara da fífà 250 kílò. Ta ni yóò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe òpó?

Àwọn tó lè yé jù nínú wa ni àwọn àyàn. Ẹ wo dùndún. Igi rẹ̀ wà láàárín, awọ wà lójú méjèèjì, ọṣán sì so awọ òkè mọ́ awọ ìsàlẹ̀ yí ká. Ọṣán yìí kò lè dá dúró fúnra rẹ̀. Bí o bá gé ọ̀kan jáde, wọ́jọ́wọ́jọ́ ló máa rí lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fà á le tán, tí ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ, igi àti awọ àti ọṣán á di ohun kan ṣoṣo, ìlù á sì máa fọhùn. Ọrun ọdẹ náà ní ọṣán tirẹ̀, ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣiṣẹ́: igi fẹ́ nà, ọṣán kò jẹ́ kó nà, agbára sì wà níbi tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn jà. Rímù ni igi wíìlì. Sípóòkù ni ọṣán rẹ̀. Sípóòkù kọ̀ọ̀kan ń fa rímù wá sí àárín, rímù kò gbà, wọ́n sì wà lẹ́nu ìjà yẹn tọ̀sán tòru, yálà ènìyàn wà lórí kẹ̀kẹ́ tàbí kò sí.

Ìjà náà sì le ju bí ojú ti rí i lọ. Nínú wíìlì kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ ọ̀gá bá kàn, sípóòkù kọ̀ọ̀kan máa ń fà tó 100 kílò. Bí sípóòkù bá jẹ́ 36, gbogbo rẹ̀ pọ̀ di 3,600 kílò, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 72. Irin rímù fúnra rẹ̀ wá ń fara da ìfúnpọ̀ tó tó 570 kílò yí ká gbogbo ara rẹ̀. Bàbá mi kò tíì gun kẹ̀kẹ́ o. Ara ògiri ló ṣì fi tì.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí irú wíìlì yìí dé ayé. Nílẹ̀ wa, láyé àtijọ́, kẹ̀kẹ́ kò wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà, kì í sì í ṣe àìgbọ́n àwọn baba ńlá wa ló fà á. Irù, eṣinṣin tó ń kó àìsàn ran ẹran, kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó; ọ̀nà oko sì jẹ́ ipa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣe lójú ọ̀nà tí ẹni méjì kò lè fi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn? Orí la fi ń rù ú. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ní ẹṣin, igi gbàǹgbà ni wọ́n fi ń ṣe sípóòkù kẹ̀kẹ́ wọn, òpó gidi ni tiwọn, ó nípọn tó apá ọmọdé. Ìdí nìyí tí wíìlì wọn fi wúwo.

Ẹni tó kọ́kọ́ ro ọ̀nà mìíràn kò tilẹ̀ ro ti ilẹ̀. Ní 1808, George Cayley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń wá bí ènìyàn yóò ṣe fò lójú ọ̀run, nílò wíìlì tí kò ní wúwo. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ pé dípò igi, okùn tí wọ́n fà le ni kí wọ́n fi so àárín mọ́ etí. Ó di 1869 kí Eugène Meyer tó gba ìwé àṣẹ ní Paris lórí wíìlì oníwáyà tí ènìyàn lè máa fún le ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1874 ni James Starley, ní Coventry, rí ohun tí ó kù: kí sípóòkù má lọ tààrà láti àárín sí etí, kí wọ́n máa dábùú ara wọn bí agbọ̀n oníhíhun. Ẹ máa rántí Starley yìí, torí ẹ̀yin ọlọ́kadà náà ń jẹ nínú ọgbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́. Sípóòkù tó bá lọ tààrà lè gbé ẹrù, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń yí nǹkan. Bí ṣéènì bá fa họ́ọ̀bù, irin àárín wíìlì, họ́ọ̀bù á kọ́kọ́ yí díẹ̀ kí rímù tó gbọ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan bá kọjú síwájú tí àwọn kan sì kọjú sẹ́yìn, bí ìyí náà bá ti dé, apá kan á fà á, apá kejì á dẹ̀ díẹ̀, rímù á sì tẹ̀ lé họ́ọ̀bù lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, àwọn méjèèjì á pààrọ̀ iṣẹ́. Láìsí ìdábùú yìí, ọ̀kadà onísípóòkù kankan kì bá lè gbéra ní òkè Mówé pẹ̀lú èrò méjì lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ti là. John Kemp Starley, ìbátan James, gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní 1885, wíìlì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì wà lẹ́yìn, bí a ti mọ̀ ọ́n dòní. John Boyd Dunlop fi afẹ́fẹ́ sínú táyà ní Belfast ní 1888. Kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ wa, tí a pè é ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Àwọn wolé-wolé gùn ún, àwọn tíṣà gùn ún, àwọn àgbẹ̀ kòkó gùn ún, torí ipa ẹsẹ̀ kan tó tó wa láti rìn ló tó òun náà láti gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London, bí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ẹ̀bá odò Thames, ẹ wo wíìlì ńlá tí wọ́n ń pè ní London Eye. Mítà 135 ni gíga rẹ̀, ó sì ní okùn irin 64 tó so etí rẹ̀ mọ́ àárín. Wíìlì bàbá mi náà nìyẹn, owó ló kàn pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n san ẹ̀bẹ̀ tí mo jẹ àwọn ọ̀gá Ìbàfò.

Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn pé, bí sípóòkù bá jẹ́ ọṣán, a jẹ́ pé àwọn ti òkè ni họ́ọ̀bù rọ̀ mọ́, bí fìtílà tí a fi okùn so mọ́ àjà. Ó bá ọgbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ní 1981, Jobst Brandt, injiníà ọmọ Amẹ́ríkà kan, gbé ìwé jáde lórí wíìlì kẹ̀kẹ́, ó sì fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí sípóòkù kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹrù bá gorí kẹ̀kẹ́. Ohun tó rí yà àwọn ènìyàn lẹ́nu. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó, àwọn sípóòkù òkè kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni jókòó. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ náà kò mọ̀. Ìwọ̀nba mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí táyà ti kan ilẹ̀, àwọn nìkan ló dẹ̀ díẹ̀. Bí a bá ro ohun tó dín lára fífà wọn pọ̀, ìwọ̀n ẹrù náà ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Nítorí náà sípóòkù ìsàlẹ̀ ló ń gbé e lóòótọ́, bí àwọn ọ̀gá ti wí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà ń gbé e kì í ṣe ti òpó.

Àjọ ni ẹ jẹ́ kí n fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó ti dá àjọ tó ní ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ alájọ, bí ìnáwó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá dé, á lọ mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ṣẹ́ ku márùndínláàádọ́rùn-ún. Kò yá owó, kò ta aṣọ. Àfàle tí ọ̀gá fi sára sípóòkù ní ọjọ́ tó hun wíìlì, àjọ ni. Bí ẹrù bá dé, sípóòkù ìsàlẹ̀ á mú nínú àjọ rẹ̀. Bí wíìlì bá yí, tí òmíràn bá bọ́ sísàlẹ̀, eléyìí á dá tirẹ̀ padà sípò. Níwọ̀n ìgbà tí àjọ kò bá tán, rímù ò ní mọ̀ pé ọṣán ló ń gbé òun, òpó ni yóò pè é. Bí àjọ bá tán pẹ́nrẹ́n, sípóòkù náà á di èyí tí ọmọ iṣẹ́ yìí tẹ̀ lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan: kò lè gbé ìrẹsì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ní ti Mágbòrò. Ká ní wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan ń gbé 60 kílò, sípóòkù mẹ́rin sì pín in. 15, 15 nìyẹn. Bí kẹ̀kẹ́ bá jìn sí gálọ́ọ̀pù, tí ìgbálù náà sì sọ ẹrù di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní 100 lájọ ṣì ní 55. Ṣùgbọ́n wíìlì tí wọ́n kàn fi ọwọ́ dẹ̀gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀ hun, tí sípóòkù rẹ̀ kò fà ju 30 lọ, ńkọ́? Lójú títì tó tẹ́jú, yóò máa rìn, olówó rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín. Gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bá yà kúrò lójú márosẹ̀, àjọ ti tán, ó ti wọ gbèsè. Rímù á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀tì orí sípóòkù tí kò sí ohun tó ń fún un mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ ti ń gbọ̀n. Èyí tó wà nítòsí rẹ̀ á wá máa ru ti ẹni méjì. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ ó gbọ́ "kẹ́ẹ̀" lábẹ́ ìjókòó.

Nígbà tó bá já, kí ni ọlọ́kadà máa ń sọ? "Èrò yẹn ti sanra jù." Àwọn èrò tó sanra ní Mágbòrò ti ru ẹ̀bi tó pọ̀ tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹ mú sípóòkù tó já, ẹ wo ibi tó ti já. Kì í sábà já láàárín. Ìgbọ̀nwọ́ ni, níbi tó ti tẹ̀ wọ ihò họ́ọ̀bù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹrù ló fà á já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí rẹ̀ á nà, á sì tẹ́ẹ́rẹ́ kó tó já. Èyí tẹ́ ẹ máa rí, ojú rẹ̀ á tẹ́jú bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, ìpẹtà á sì ti wà ní apá kan ojú náà, tó fi hàn pé ó ti pẹ́ tó ti ń sán. Ẹ mọ bí ẹ ṣe ń ṣẹ́ wáyà tí púláyà kò bá sí nítòsí: ẹ ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń ṣe sípóòkù nìyẹn. Wíìlì ọ̀kadà tó ń lo rímù 17, táyà 2.75, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rin nǹkan bíi mítà 1.8. Ọlọ́kadà tó bá rin kìlómítà 80 lójúmọ́, wíìlì rẹ̀ yí ju ìgbà 44,000 lọ lọ́jọ́ náà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí, sípóòkù kọ̀ọ̀kan á dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì fà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Èyí tó le dáadáa, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, kò ní mira. Èyí tó dẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á máa jó nínú ihò náà ní mílíọ̀nù ìgbà lóṣù kan. Èwo lẹ rò pé yóò kọ́kọ́ rẹ̀?

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn kan nínú yín. Ẹ ní ẹ ó ra sípóòkù tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo ti rí mẹkáníìkì tó fi ẹ̀rọ lu ihò họ́ọ̀bù gbòòrò kí sípóòkù ńlá lè wọlé, tó sì gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. Owó ìbàjẹ́ ló gbà. Ihò tó gbòòrò ti jẹ nínú irin tó yẹ kó di sípóòkù mú. Ohun mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Irin máa ń nà bí a bá fà á, bó ti wù kó kéré tó. Sípóòkù mìlímítà 2 tó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, bí ẹ bá fà á ní 100 kílò, ó máa nà ní bí ìdajì mìlímítà. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 2.6, pẹ̀lú fífà kan náà, kò ní nà ju nǹkan bí ìdámẹ́ta mìlímítà lọ. Ẹ wá wo rímù nígbà tó bá jìn sí kòtò, tó sì tẹ̀ sókè díẹ̀. Sípóòkù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣì ní ìnà tó pọ̀ níwájú kó tó dẹ̀ tán. Èyí tó nípọn á ti dẹ̀ tán kí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ná ìdá méjì nínú mẹ́ta ìnà tirẹ̀. Sípóòkù nínípọn ń ná àjọ rẹ̀ kíákíá. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe sípóòkù dáadáa fi máa ń jẹ́ kó nípọn ní orí àti ní ìgbọ̀nwọ́, tí wọ́n á sì jẹ́ kí àárín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ti ọ̀kadà nípọn ju ti kẹ̀kẹ́ lọ lóòótọ́, torí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fi sára rẹ̀ ló tọ́ sí i, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn rímù álọ̀ì náà tún wà, èyí tí kò ní sípóòkù, tí wọ́n dà lódindi. Ó lẹ́wà, kò sì ní ohun tí ènìyàn yóò máa fún. Lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, ibi tí ó bá ti tẹ́jú, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kòtò bá là á, ó ti là nìyẹn, ẹ ó ra òmíràn. Wíìlì onísípóòkù á tẹ̀, ẹ ó gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń gba fíríìdọ́ọ̀mù yìí, wọ́n á sì bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi tọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ní tirẹ̀ kò bá wa dá sí i, abọ́ irin ló fi ń rìn.

Ẹ dárí jì mí, mo fẹ́ yà díẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, sípóòkù tó bá já kì í ṣòfò. Ìyá mi ní ọ̀kan tí wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀, tó fi ń hun kọ́róṣẹ́. Àwa ọmọkùnrin, ní àsìkò Kérésìmesì, a máa ń ha orí ìṣáná sínú nọ́ọ̀tì sípóòkù, a ó ki ìṣó bọ̀ ọ́, a ó gbá a mọ́ ògiri. Ariwo rẹ̀ máa ń mú kí àwọn àgbà ṣépè. Rímù tí kò ní sípóòkù mọ́ ńkọ́? Igi la fi ń tì í yí àdúgbò ká, à ń sáré tẹ̀ lé e. Mo sọ èyí torí ẹ̀kọ́ kan tí a kọ́ níbẹ̀ láìmọ̀: rímù tí kò ní sípóòkù, bí ẹni méjì bá gùn ún, á di ẹyin. Irin kan náà tó gbé bàbá mi fún ọdún pípẹ́ ni.

Ó ku bí ẹ ó ṣe ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀gá mọ híhun rẹ̀ jù mí lọ, nítorí náà n kò ní kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀. Ohun tí mo rí pé ó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ìparí. Nọ́ọ̀tì sípóòkù kẹ̀kẹ́, bí ẹ bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ń fa sípóòkù ní nǹkan bí mìlímítà 0.45. Ẹ sì ti gbọ́ pé ìdajì mìlímítà ni gbogbo ìnà tó wà nínú 100 kílò. Bí ẹ bá yí nọ́ọ̀tì kan po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí wíìlì bá ti fẹ́ parí, ẹ ti dà gbogbo ìdọ́gba rú. Ìdámẹ́rin ìyípo ni kí ẹ máa yí, ẹ yí i ká gbogbo wọn, ẹ tún padà wá. Rímù tó ń lọ tààrà lójú kò túmọ̀ sí pé sípóòkù rẹ̀ dọ́gba. Rímù lè tọ́ lóòótọ́, kí ọ̀kan fà ní 150, kí èkejì rẹ̀ fà ní 40. Ojú kò lè sọ. Etí ló lè sọ. Ẹ fi ìka ta sípóòkù bí ẹni ta gìtá, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn tó wà ní apá kan náà gbọ́dọ̀ dún bákan náà. Àyàn tí ọṣán rẹ̀ kan bá dẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi hàn án.

Lẹ́yìn tó bá ti le tán, ẹ mú méjì méjì tó lọ sí ìhà kan náà, ẹ fi ọwọ́ fún wọn pọ̀ gidigidi, ẹ yí i ká. Á máa ké. Ẹ má bẹ̀rù. Ìgbọ̀nwọ́ ń jókòó sí ipò rẹ̀ ni, nọ́ọ̀tì sì ń wọ ihò rímù dáadáa. Bí ẹ kò bá ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà ni yóò bá yín ṣe é, sípóòkù á sì dẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí oníbàárà bá gbé e lọ. Ìdí nìyí tí wíìlì tuntun fi gbọ́dọ̀ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ sọ fún oníbàárà kó tó lọ, ẹ má gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá padà wá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kò tíì parí.

Ní àdúgbò wa yìí, tí odò Ògùn kò jìnnà sí wa, tí ilẹ̀ ń mu omi, tí típà yanrìn sì ti sọ ọ̀pọ̀ òpópónà inú di ipa ọ̀gbàrá, omi ni ọ̀tá kejì. Ìpẹtà tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, sísán ló ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, bí ẹ bá ti la omi kọjá, ẹ fi àkísà nu ibi họ́ọ̀bù, kí ẹ fi epo díẹ̀ pa á lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìrẹsì ti jinná, mo rí i lójú yín. Wíìlì bàbá mi wà lórí tábìlì yìí. Ní alẹ́ àná, mo fi sípánà tú ọ̀kan nínú ogójì náà ní ìdajì ìyípo, n kò sì fi àmì kankan sára rẹ̀. Rímù kò yẹ̀ débi tí ojú lè rí i. Kí ẹ̀yin tó ń gba fíríìdọ́ọ̀mù wá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dijú, ẹ ta á, ẹ tẹ́tí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, sípánà tuntun tó wà nínú àpò mi, tirẹ̀ ni.